Adágún Ẹja Tí Mo Ń Rán Gbogbo Ayé Lọ Wò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa fi ọwọ́ mú, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì yín díẹ̀. Iṣẹ́ fọkanáísà ni mo ṣe, láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n mi títí di ìgbà tí ìbẹ̀rù gba sípánà lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì darúgbó. Ewú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lórí mi ni. Ṣùgbọ́n mo ti fẹ̀yìn tì, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe jẹ́. N óò rọra sọ ọ́, nítorí àwọn kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí wọ́n ṣì wà láàyè, mi ò sì mọ ibi tí wọ́n ń gbé.

Ìlobì ni wọ́n bí mi sí. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ ni mo lọ, mo ka ìwé dé ibi tí agbára bàbá mi gbé e dé. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó mú mi lọ sí Ìlaròó, ó fi mí lé Ọ̀gá Múfú lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ nípa owó, mi ò gbọ́, mi ò sì bèèrè. Mo ṣáà rí i pé bàbá mi ń padà lọ, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Ọ̀gá Múfú kì í na ènìyàn. Ì bá sàn kó na ènìyàn. Bí mo bá ṣe àṣìṣe, á dákẹ́, á gbé táyà tí mo ti fi gbogbo òwúrọ̀ lẹ̀, á tú u palẹ̀ pátápátá, á ní, "Bẹ̀rẹ̀ láti orí." Á wá padà sórí àpótí rẹ̀, á máa fi ìgò àfọ́kù ha ara rọ́bà bí ẹni tí kò rí mi mọ́. Ọjọ́ mìíràn wà tí mo bẹ̀rẹ̀ láti orí títí oòrùn fi wọ̀.

Nígbà náà, kò sí ẹ̀rọ tó ń fún táyà ní atẹ́gùn lọ́dọ̀ wa. Páǹpù ọwọ́ ni. Àyà mi ló kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ náà kí orí mi tó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn páǹpù, abọ́ omi. A ó fẹ́ tíúbù, a ó rì í sínú omi, a ó wo ibi tí ìfóófòó ti ń yọ. Ṣùgbọ́n ihò mìíràn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí omi kì í fi í hàn. Ọ̀gá ní kí n fi omi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, kí n sì máa yí tíúbù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ojú nìkan lo rò pé wọ́n fi ń wá ihò?" ni ó bi mí. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí wọ́n fún ọ, ẹ̀kọ nìkan ni wọ́n ní kí o máa kó sí i?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ rọ́bà, atẹ́gùn kan tó tín-ín-rín bí òwú sì tutù sí mi lára. Láti ọjọ́ náà, ihò kan kò sá mọ́ mi lọ́wọ́ mọ́.

Iná ni a fi ń lẹ tíúbù nígbà náà. A ó fi rọ́bà tútù lé ojú ihò, a ó fi irin dè é mọ́lẹ̀, a ó da epo díẹ̀ sínú ife orí irin náà, a ó ṣáná sí i. Bí o bá tètè ṣí i, kò tíì jinná. Bí o bá pẹ́ ṣí i, ó ti jóná. Ìdí rèé tí Ọ̀gá fi kórìíra ìkánjú ju olè lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí àṣà kan fi bá mi dàgbà. Awakọ̀ kan wá lọ́jọ́ kan, ó dúró lé mi lórí. "Ọmọ, kíá. Ọmọ, ojú ọ̀nà jìn. Ọmọ, ṣé ò ń sùn ni?" Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yára ju orí mi lọ. Nígbà tí mo ń fi ọ̀pá irin dá táyà padà sínú rímù, irin náà bu tíúbù jẹ. Ihò kan ló gbé wá. Ihò méjì ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ọ̀gá Múfú gbé tíúbù náà wò. "Ta ló já a?"

"Èmi ni, sà."

"Irọ́ lo pa. Ẹni tó dúró lé ọ lórí ló já a." Ó kọjú sí awakọ̀ náà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ wo àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn ní òpópónà kejì. Ilẹ̀kùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ẹkùn sí lára. Ojú ẹkùn náà ń tẹ̀ lé ènìyàn kiri. Ẹ lọ wò ó wá."

Ó lọ. Nígbà tó padà dé, táyà rẹ̀ ti le, inú rẹ̀ sì ti rọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹkùn ló ń sọ. Ọ̀gá wá bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tó lọ. Ó ní, "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ni táyà dúró lé ọ lórí. Wá nǹkan tó máa lọ wò, kí o fi rán an. Ẹni tó bá rìn jìnnà ló ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ìwọ ní tìrẹ, jókòó ti táyà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé kúrò ní Ìlaròó ju irin iṣẹ́ lọ.

Lẹ́yìn tí mo gba fìrídọ̀mù, mo lọ sí Ayétòrò, mo pa àtíbàbà mi sí ìkòríta tó kọjú sí ọ̀nà ọgbà yunifásítì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́nà ìgbàlódé. Mo gbé bẹ́ǹṣì kan síta, mo gbé àpótí mi sínú. Kété tí oníbàárà àkọ́kọ́ dé ni mo rántí pé mi ò mọ ibì kankan tí mo lè rán an lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá: kí ló wà níbí tí àlejò lè lọ wò?

Wọ́n sọ fún mi. Wọ́n ní ilé adìyẹ kan wà nínú ọgbà tí wọ́n ti ń ta ẹyin tó sán fún ẹni tó bá tètè dé, àti pé ariwo àwọn adìyẹ náà lówùúrọ̀ dà bí òjò lórí páànù. Wọ́n ní igi máńgòrò tí wọ́n tò ní ẹsẹẹsẹ wà lẹ́yìn pápá bọ́ọ̀lù, pé bí ènìyàn bá dúró sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kan, á rí ìparí rẹ̀ bí ẹni wo inú ọ̀pá ìbọn. Wọ́n ní bí ọjọ́ bá rọ̀, kí ènìyàn lọ sí pápá náà, kí ó wo àwọn tíṣà tó sanra bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n èyí tí gbogbo wọn ń fi ẹnu sọ ni adágún ẹja. Wọ́n ní bí ọjọ́ kíkó ẹja bá pé, wọ́n á fa omi rẹ̀ gbẹ, àwọn àrọ̀ tó tó apá ọmọdé á máa fò nínú ẹrẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ká ṣòkòtò wọlé, wọ́n á máa ṣubú lura wọn. Ará ìlú á dúró létí rẹ̀, wọ́n á ra ẹja, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín.

Gbogbo èyí ni mo fi ń rán ènìyàn. Bí wọ́n bá padà dé, wọ́n á ròyìn, mo sì máa ń fi ìròyìn tiwọn kún tèmi fún ẹni tó kàn. Bàbá akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí táyà rẹ̀ jò ní ẹnu ọ̀nà, èmi ni mo kọ́kọ́ ń fi àdúgbò hàn án. Ẹlòmíràn kì í fẹ́ kí n tètè parí táyà mọ́. Ẹnì kankan kò sì mọ̀ pé mi ò dé ibì kankan nínú wọn rí. Ta ni ìbá dúró ti táyà?

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀. Làmídì ni. Ọmọ Ẹ̀gùá ni, ọ̀kadà ló ń gùn, abẹ́ àtíbàbà mi ló sì ń dúró de èrò. Mo fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ, ìdí nìyí tó fi ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ tó ń fi mí ṣe kò mọ ẹ̀gbọ́n. Bí mo bá ti ń júwe adágún fún àlejò, á fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbọ́ bí Ẹ̀gbọ́n ṣe ń ka egungun ẹja tí kò rí rí. Ẹ̀gbọ́n, ojú àlá lẹ ti pàdé àrọ̀ yẹn?"

"Ìwọ tó ń gbé wọn lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ ńkọ́? Kí ni ìwọ rí?"

"Ọ̀nà ni mo rí. Ọlọ́kadà kì í wo ẹja, ọ̀nà ló ń wò."

"Ojú ẹ náà ló fọ́."

"Ó fọ́ ju tiyín lọ? Lọ́jọ́ kan, ẹ̀yin àti èmi, a ó ti ibí yìí pa, a ó jọ lọ wo ẹja náà bí ènìyàn gidi."

Lọ́jọ́ kan. Ọdún ń gorí ọdún, à ń sọ ọ́.

Irin iṣẹ́ ń yí padà. Mo ra ẹ̀rọ atẹ́gùn, ó ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ lóòjọ́ ọdún, Làmídì sì ní òun ò ní lè sùn lórí bẹ́ǹṣì mọ́. Lílẹ̀ oníná lọ, gọ́ọ̀mù dé. Lẹ́yìn náà ni táyà tí kò ní tíúbù gba ayé, tí ó jẹ́ pé okùn rọ́bà ni a kàn ń fi dí ihò láìtú táyà rárá. Iṣẹ́ tó ń gba wákàtí kan di ohun tí ènìyàn ń ṣe kí oníbàárà tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò nílò ibì kankan láti lọ wò mọ́. Mo sì ń rán wọn lọ síbẹ̀síbẹ̀. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn.

Ìyàwó mi kú láàárín ìgbà náà. Ọmọbìnrin mi wà nílé ọkọ ní Èkó. Mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí bí ilé ṣe rí. Mo kàn ń ṣí àtíbàbà kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Làmídì á sì ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, á ti fi aṣọ nu bẹ́ǹṣì.

Nígbà tí ìjọba wá ti bọ́dà pa, ìkòríta wa kú. Táyà àlòkù tí wọ́n ń gbé wá láti òdìkejì kò wọlé mọ́. Àwọn ilé epo tó wà lápá Ẹ̀gùá kò rí epo gbà, Làmídì ń rin ọ̀nà jíjìn kó tó rí èyí tó máa dà sí ọ̀kadà, tó bá sì fi dé, epo ọ̀hún á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Oúnjẹ wọ́n, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹsẹ̀ rìn. Àwa méjì á jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán, a ó máa wo ọ̀nà tí kò gbé ẹnì kankan wá.

Ohun tó ń kọjá ni ọkọ̀ àwọn onífàyàwọ́. Nítorí àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò ní ọ̀nà ńlá, wọ́n ń gba iwájú ọgbà yunifásítì. Ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn ga bí ìdí ẹlẹ́ǹgà, kò sí àga nínú rẹ̀, ìrẹsì ni wọ́n kó dé òrùlé. Wọn kì í dín eré kù fún ewúrẹ́, wọn kì í dín in kù fún ènìyàn. Bí a bá ti gbọ́ ìró wọn, a ó dìde lórí bẹ́ǹṣì, a ó bọ́ sẹ́yìn àtíbàbà. Bí ìró wọn bá lọ, a ó padà jókòó.

Làmídì ló sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀túnla ni wọ́n ń kó ẹja. Iṣẹ́ wo lẹ tún fẹ́ sọ pé ẹ ní? Táyà dà? Èrò dà? Bí a kò bá lọ nígbà tí bọ́dà tì yìí, a ò ní lọ mọ́."

Mo ní ó dáa. Inú mi dùn débi pé ojú tì mí.

Lọ́jọ́ náà, Làmídì wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun tó ń wọ̀ lọ sí ìrun Jímọ̀, ó dé fìlà. Mo bi í bóyá ẹja ló fẹ́ gbé níyàwó. Ó ní bó bá rí èyí tó níwà, kò burú. Mo kó irin iṣẹ́ mi sínú àpótí lẹ́yìn àtíbàbà, mo ń wá kọ́kọ́rọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ kan fi ẹsẹ̀ kan tiro dé iwájú wa. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Ẹ̀yìn rẹ̀ ga, ìrẹsì kún inú rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó sọ̀kalẹ̀ kò ju ọmọ tí mo lè bí lọ. Òógùn bo ojú rẹ̀. "Bàbá, ẹ má jẹ́ kí n kú síbí. Táyà ìpààrọ̀ mi rèé, kò ní atẹ́gùn."

Làmídì ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹja ń dúró."

Mi ò lè lé e. Fọkanáísà kì í lé ẹni tí táyà rẹ̀ ya. Mo fa ẹ̀rọ síta, mo sì ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo ní, "Ìwọ, lọ dúró sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lọ́hùn-ún yẹn. Mo máa pè ọ́."

"Bàbá, mi ò lè fi ọkọ̀ yìí sílẹ̀."

"Lọ, kí ọwọ́ mi lè balẹ̀."

"Mi ò lọ."

Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó kọ̀ fún mi láti ìgbà tí mo ti dé ìkòríta náà. Mo yíjú sí Làmídì, mo ní, "Kí ìwọ máa lọ nígbà náà. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. "Rárá o. Bí mo bá yí ẹ̀yìn padà, táyà mìíràn á tún dé. Mo mọ̀ yín. A jọ ń lọ ni."

Mo fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà, ó ń kérora. Mo fún táyà ìpààrọ̀ ní atẹ́gùn, mo gbé e sí àyè rẹ̀, mo fi ọwọ́ wé àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ó ku kí n fún wọn le. Ọ̀pá gígùn tí mo ń fi kún sípánà láti fún wọn le ṣì wà lẹ́yìn àtíbàbà níbi tí mo kó irin sí. Mo ní, "Má fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí, kò tíì le." Mo lọ mú un.

Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ ìró ọkọ̀ mìíràn láti ọ̀nà jíjìn. Mi ò mọ ọkọ̀ tó jẹ́. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò ló ń lé e bọ̀ tàbí èrò lásán ló ń kọjá. Ọmọ náà kò dúró láti mọ̀. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn dún, mo gbọ́ tí ọkọ̀ já bọ́ kúrò lórí jáàkì. Mo pariwo. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà yọ. Ọkọ̀ yí, ó sì gba orí bẹ́ǹṣì lọ. Táyà tó yọ náà fò yí àtíbàbà po, ó wá bá mi lẹ́yìn, ó fọ́ mi ní egungun ìbàdí.

Ibi tí mo ṣubú sí, ìrẹsì ni mo ń rí. Ó tú ká, ó funfun lórí gbogbo ilẹ̀, aṣọ Làmídì sì funfun láàárín rẹ̀. Mo ń pè é. Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe.

Ẹ̀gùá ni wọ́n sin ín sí ní ọjọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí àṣà ẹ̀sìn rẹ̀. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni mo wà, mi ò débẹ̀. Ọmọ tó wa ọkọ̀ náà sá wọ inú igbó. Oríṣiríṣi ènìyàn wá bi mí bó ṣe rí lójú. Mo ní mi ò rí i. Ohun tí mo sọ nìyẹn, kì í sì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dún kíkan lójú òpópónà, mo ti máa ń wà lẹ́yìn ògiri kí n tó mọ̀ pé mo dìde.

Nígbà tí ẹsẹ̀ mi lè gbé mi, mo padà sí ìkòríta. Mi ò gbé bẹ́ǹṣì síta mọ́. Oníbàárà tó bá dé, mi ò rán an lọ síbì kankan. Mo ní kí ó wá sẹ́yìn àtíbàbà, kí ó dúró níbi tí ojú mi ti lè tó o. Wọ́n á dúró lé mi lórí, ọwọ́ mi á sì máa yára ju orí mi lọ. Ní ọjọ́ kan, mo fi irin bu táyà tuntun jẹ, bí mo ti ṣe nígbà èwe mi. Mo gbọ́ ohùn Ọ̀gá Múfú lọ́kàn mi pé kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí. Mo wo irin náà, mi ò lè bẹ̀rẹ̀. Mo ta gbogbo irin iṣẹ́ mi fún ọmọ kan tó ń bèèrè wọn, mo sì lọ sílé.

Bí ẹ bá bi mí bóyá kí ẹ kọ́ iṣẹ́ náà, n óò ní kí ẹ kọ́ ọ. Iṣẹ́ ọmọlúwàbí ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó ń sọ pé "lọ́jọ́ kan", ẹ ti ìsọ̀ pa lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ jọ lọ. Táyà kì í tán láyé.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí bọ́dà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti padà láti ìsinmi, mo fi ọ̀pá tẹlẹ̀ dé ọgbà náà ní òwúrọ̀ kan. Mi ò bèèrè ọ̀nà. Mo ti júwe rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn: kọjá ilé adìyẹ, fi pápá sí ọwọ́ òsì, tẹ̀ lé igi máńgòrò. Ó rí gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó kéré. Kì í ṣe ọjọ́ kíkó ẹja. Omi náà dúdú, ó dákẹ́. Obìnrin kan tó ń bọ́ àwọn ẹja ń bọ̀ pẹ̀lú korobá. Mo kí i.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ṣé fọkanáísà ló rán yín wá?"

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ fi bèèrè?"

"Gbogbo ẹni tó ń wá síbí tẹ́lẹ̀, òun ló ń rán wọn. Mo ní ọjọ́ wo ni òun fúnra rẹ̀ máa wá? Ọlọ́kadà kan ló sábà máa ń gbé wọn wá. Èèyàn dáadáa ni, aláwàdà, ṣùgbọ́n kì í wọlé. Ẹnu ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé yẹn ló ń dúró sí, á kọ ẹ̀yìn sí adágún. Mo ní, 'Wá wo ẹja, a kì í gba nǹkan kan.' Ó ní kí n má bínú, ẹnì kan wà tí àwọn jọ fẹ́ wò ó, òun ò fẹ́ ṣáájú rẹ̀ rí i. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i gbẹ̀yìn."

 Ó bu oúnjẹ ẹja ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dà á sí mi lọ́wọ́. "Ẹ jù ú sínú omi. Wọ́n á wá kí yín."

Mo gbé ọ̀pá mi ti ara igi kan, mo sì na ọwọ́ kejì sí i.

"Ẹ fún mi ní ti ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà," ni mo wí.

Ó wo ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ó wo ojú mi, ó sì bù ú fún mi.